Ọ̀ṣun, Ẹnìkẹtàdínlógún: Bí A Ṣe Gba Ọmọ Wọlé, Tí A Fi Ìyá Síta

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ọ̀nà tí ó ti ààfin Àtàọ́ja lọ sí etí odò a máa kún fún èrò ní ìlú Òṣogbo. Ọmọbìnrin kan ni gbogbo ojú ń wá. Arugbá ni wọ́n ń pè é. Wúńdíá ni, inú ìdílé ọba ni wọ́n sì ti ń yàn án. Igbá ẹbọ ìlú wà lórí rẹ̀, aṣọ bo igbá náà, ẹnu ọmọbìnrin náà sì dákẹ́. Gbogbo ìlú ń gbàdúrà kí ó má ṣe kọsẹ̀, nítorí pé ire ọdún tuntun ni ó rù. Ọba wà níbẹ̀, àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, àwọn aṣojú ìjọba kò gbẹ́yìn, onílù àti ayàwòrán pọ̀ lọ bí eṣú. Síbẹ̀, bí ọmọbìnrin yìí kò bá tíì dé etí odò, ọdún Ọ̀ṣun kò tíì ṣe.

Àwòrán Arugbá ti di ohun tí a mọ̀ káàkiri ayé. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ìdí tí gbogbo agbára ìlú, láti orí adé dé orí ìjọba, fi ní láti rìn tẹ̀lé ọmọbìnrin kan lọ sí ọ̀dọ̀ òrìṣà tí òun náà jẹ́ obìnrin. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn Ifá kan tí ó ti pẹ́. Ìtàn náà kò sì parí sí inú Ifá. Láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni ó ti ń tún ara rẹ̀ ṣe láàárín Yorùbá, nílé àti lókè òkun, títí ó fi dé orí omi odò Ọ̀ṣun lónìí.

Ẹni mélòó ni yín?

Inú Odù Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni ìtàn náà wà. Àwọn babaláwo a máa sọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kì í yí padà. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá láti tún ilé ayé ṣe. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n dá igbó Orò sílẹ̀, wọ́n dá igbó Ọpa sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé. Wọn kò pe Ọ̀ṣun sí ìkankan nínú rẹ̀. Lójú tiwọn, obìnrin ni. Kí ni ó kàn án nínú ọ̀rọ̀ bí ayé yóò ṣe tò?

Ọ̀ṣun kò bá wọn jà. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, ó ń dirun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ọkùnrin náà kò gún mọ́. Wọ́n rúbọ, ẹbọ kò dà. Wọ́n pe òjò, òjò kò rọ̀. Wọ́n tọ́jú aláìsàn, aláìsàn kò dìde. Àgàn kò rí ọmọ gbé pọ̀n, aboyún kò rí ibi sọ̀ sí. Nígbà tí ọ̀ràn náà sú wọn, wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ. Olódùmarè bi wọ́n pé ẹni mélòó ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ó bi wọ́n pé ǹjẹ́ wọ́n ń pe ẹnìkẹtàdínlógún sí ohun tí wọ́n ń ṣe? Wọn kò rí èsì fọ̀. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n bẹ Ọ̀ṣun títí. Ó wà nínú oyún nígbà náà. Ó ní bí ọmọ inú òun bá jẹ́ ọkùnrin, kí ó máa bá wọn lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ń lọ. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Gbogbo wọn pa àṣẹ wọn pọ̀, ọmọ náà sì jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó sì di ẹni tí ń gbé ẹbọ dé iwájú Olódùmarè. Láti ìgbà náà ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí a fojú di obìnrin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà ní ìparí ìtàn náà tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò. Ta ni ó wọ inú ìpàdé nígbẹ̀yìn? Ọmọ ni. Ìyá kò wọlé. Wọ́n gba èso inú rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe agbára, òun fúnra rẹ̀ sì wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn Irúnmọlẹ̀ tọrọ àforíjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ni wọ́n san nínú gbèsè náà. Ìdajì tí ó kù ni ìtàn ń bá wa fà títí di òní.

Ìkòkò aró tí ó fọ́

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú Òṣogbo pàápàá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ obìnrin. Àìrí omi ni ó lé Laróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé. Wọ́n rìn títí wọ́n fi kan odò ńlá kan nínú igbó, wọ́n sì pinnu láti tẹ̀dó síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gé igi láti fi pa àgọ́, igi kan wó sínú omi. Ohùn kan ké láti ìsàlẹ̀ odò pé àwọn oṣó inú igbó wọ̀nyí ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo gbà pé inú ọ̀rọ̀ yẹn, oṣó igbó, ni orúkọ ìlú wọn ti jáde.

Ohun tí igi náà fọ́ kì í ṣe àwo ọ̀ṣọ́ tàbí ìkòkò ọbẹ̀. Ìkòkò aró ni, ohun èlò iṣẹ́. Lónìí, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun, ẹwà, dígí, òòyà àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Ọ̀ṣun tí àwọn tí ó tẹ Òṣogbo dó bá pàdé jẹ́ obìnrin tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Abájọ tí a fi mọ Òṣogbo sí ìlú aró, tí iṣẹ́ aláró àti ti aládìrẹ fi jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìyá fi tọ́ ọmọ dàgbà níbẹ̀.

Laróòyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tọrọ àforíjì. Wọ́n bá odò dá májẹ̀mú: àwọn yóò kúrò létí omi, àwọn yóò tẹ̀dó sí ibi tí ó ga díẹ̀, àwọn yóò sì máa wá bọ ọ́ lọ́dọọdún; òun náà yóò máa dáàbò bò wọ́n, yóò sì máa fún wọn lọ́mọ. Ní ọjọ́ tí Laróòyè ń rúbọ, ẹja kan fò jáde, ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni wọ́n ní oyè Àtàọ́ja ti wá: ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ọ̀pọ̀ oyè ọba ni ó ń sọ nípa ogun tí a ṣẹ́ àti ilẹ̀ tí a gbà. Oyè ọba Òṣogbo ń sọ nípa ọwọ́ tí a tẹ́ láti gba ohun tí ìyá fi fúnni.

Nígbà tí ogun dé, ìgbàgbọ́ yìí kò yí padà. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, ìṣẹ́gun náà ni ó sì dá ìrìn àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dúró síhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn òpìtàn a máa sọ nípa àwọn balógun àti ẹṣin. Àwọn ará Òṣogbo a máa fi kún un pé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ para dà di olóúnjẹ, ó gbé ẹ̀fọ́ yánrin lọ tà fún àwọn ọ̀tá, ẹ̀fọ́ náà sì dà wọ́n nínú rú. Bí ènìyàn gbà á gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ó hàn pé lójú àwọn tí ń sọ ìtàn náà, igbá olóúnjẹ lè ṣe ohun tí ọ̀kọ̀ ń ṣe.

Odò tí ó sọdá òkun

Ogun ọ̀rúndún náà kò tú ìlú ká nílé nìkan. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti fọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n sì tà sí Bùràsílì àti Kúbà. Ọ̀pọ̀ òrìṣà tí ó ní ojúbọ nílé ni ó pàdánù ojúbọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀ṣun, tí ó jẹ́ odò kan pàtó tí ó ti ilẹ̀ Èkìtì ṣàn wá sí ọ̀sà, yẹ kí ó wà lára àwọn tí yóò parẹ́ kíá, nítorí pé ènìyàn kò lè ru odò sọdá òkun. Ṣùgbọ́n kò parẹ́, àwọn obìnrin ni kò sì jẹ́ kí ó parẹ́.

Ìlú Salvador ní Bàhíà ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jùlọ. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ẹrú ni ó ń kiri oúnjẹ àti ọjà ní ìgboro, wọ́n ń mú iye kan wá fún olówó wọn, wọ́n sì ń fi ìyókù pamọ́. Owó yìí ni wọ́n fi ń ra ara wọn padà, tí wọ́n fi ń ra ọmọ wọn, tí wọ́n sì fi ń gba ilé. Ẹni tí ó ní ilé ni ó lè ní ilé òrìṣà. Nígbà tí àwọn Yorùbá Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní ọdún 1835, tí ìjọba sì fi ìyà jẹ gbogbo ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní ìlú náà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí, Francisca da Silva, tí ó ń jẹ́ oyè Ìyá Nàsó, kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ padà sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1837. Oyè Ìyá Nàsó jẹ́ oyè ààfin Aláàfin, ti obìnrin tí ń bójú tó ìbọ Ṣàngó. Marcelina da Silva, tí ó bá a lọ, padà sí Bàhíà lẹ́yìn náà, ó sì di olórí ilé òrìṣà tí a ń pè ní Casa Branca títí di òní. Orúkọ Yorùbá ilé náà ni Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọkà.

Inú ilé yìí ni àwọn ilé mìíràn ti yapa: Gantois ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Obìnrin ni ó dá wọn sílẹ̀, obìnrin ni wọ́n sì ń fi jẹ olórí. Nígbà tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Ruth Landes, dé Salvador ní ọdún 1938 láti ṣe ìwádìí, ohun tí ó rí yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ìwé tí ó kọ jáde ní ọdún 1947 ní Ìlú Àwọn Obìnrin.

Àwọn ìyá wọ̀nyí kò jókòó sórí àga ìrọ̀rùn. Ọlọ́pàá a máa ya wọ ilé òrìṣà, wọn a máa kó ìlù àti ohun ìbọ lọ. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà ní Bàhíà ní láti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó lè ṣe ọdún. Ìyá Menininha ti Gantois, ọmọ Ọ̀ṣun pọ́ńbélé, di olórí ní ọdún 1922, ó sì wà lórí oyè títí ó fi kú ní ọdún 1986. Ó rí ìgbà tí wọ́n ń lé wọn bí ọ̀daràn, ó sì rí ìgbà tí àwọn olórin, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ní ọdún 1984, ìjọba Bùràsílì dìbò pé kí Casa Branca di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà, òun ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ó gba irú iyì bẹ́ẹ̀.

Ní Kúbà, ọ̀nà mìíràn ni Ọ̀ṣun gbà wọlé. Ìlú kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ El Cobre, ibi tí àwọn ẹrú ti ń wa bàbà láti ìgbà pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1612, àwọn ọmọ onílẹ̀ méjì àti ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan tí ó jẹ́ ẹrú rí ère Màríà Wúńdíá kékeré kan lórí omi, El Cobre ni wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí àwọn Yorùbá pọ̀ ní Kúbà, wọ́n wo ìyá tí a rí lórí omi, tí ó ń gbé ní ìlú bàbà, wọ́n sì wo Ọ̀ṣun tí ó ni omi, tí ó ni idẹ. Wọ́n rí i pé àwọn kò nílò láti sọ ohun púpọ̀. Ní ọdún 1916, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún kéde ìyá El Cobre gẹ́gẹ́ bí alábòójútó gbogbo Kúbà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, tí í ṣe ọjọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbé òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lọ sí iwájú rẹ̀, kò sì rọrùn láti mọ ẹni tí ó wá kí Màríà nìkan àti ẹni tí ó wá kí Ọ̀ṣun pẹ̀lú.

Ohun kan tún wà tí àwọn obìnrin gbé sọdá òkun: owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ìtàn wa sọ pé Ọ̀ṣun ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ ẹẹ́rìndínlógún lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà, tí àwọn obìnrin fi lè dá a. Wọ́n ń dá a ní Bùràsílì, wọ́n sì ń dá a ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní dílógún. Ní ilẹ̀ àjèjì, níbi tí kò sí ààfin, tí kò sí igbó Orò, ohun tí a ti fi sí ọwọ́ obìnrin ni ó kù. Bàhíà ni ibi tí a ti lè sọ pé ìyá kò dúró níta mọ́. Òun ni ó jókòó sí ìjókòó olórí.

Ọmọ ọdún 17 kan ní Èkó

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀ràn òrìṣà nìkan ni èyí, kí ó wo ìjọ Aládùúrà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ọdún 1925, ọmọbìnrin ọlọ́dún 17 kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìtọ́wọ̀ọ́rìn ọdún àwọn Kátólíìkì ní Campos ní Èkó. Ó ní òun rí áńgẹ́lì níbẹ̀, áńgẹ́lì náà sì tẹ̀lé òun délé. Ó bọ́ sínú ìran fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọ́ládé wá gbàdúrà fún un, ó sì dìde. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, èyí tí ó di Kérúbù àti Séráfù lẹ́yìn náà. Abíọ́dún rin ìrìn àjò ìwàásù káàkiri àwọn ìlú Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ní ọdún 1929, òun àti Orímọ́ládé pínyà. Nígbà tí Orímọ́ládé sì kú ní ọdún 1933, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ́ olórí di àríyànjiyàn tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gba ìran rẹ̀ gbọ́ ni kò lè gbà pé kí obìnrin tí ó rí ìran náà ṣe olórí wọn. Séráfù kì í ṣe Ọ̀ṣun, kò sì sí ẹni tí ó ní láti pa ìgbàgbọ́ méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣe àwa ènìyàn kò yàtọ̀: a gba ìran wọlé, a ní kí ẹni tí ó rí i dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ ná.

Igbó tí ó kù díẹ̀ kí ó parẹ́

Ní àkókò tí àwọn ìyá Bàhíà ń bá ọlọ́pàá fà á nítorí òrìṣà wọn, ilé gan-an ni Ọ̀ṣun ti ń pàdánù. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1950, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti ń bàjẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ ti di oko igi tíìkì. Àwọn ènìyàn ń gé igi, wọ́n ń ṣọdẹ, wọ́n ń pẹja níbi tí èèwọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ikán ń jẹ ojúbọ, olè ń jí ère. Àwọn ọmọ tí ó kàwé ń tijú láti bá ìyá wọn dé etí odò.

Ní ọdún 1950, ayàwòrán kan láti Austria, Susanne Wenger, bá ọkọ rẹ̀ Ulli Beier dé Nàìjíríà. Ikọ́-ife kọ lù ú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá, Àjàgẹmọ, olórí abọrẹ̀ Ọbàtálá ní Ẹdẹ, mú un mọ́ra, ó sì kọ́ ọ ní òrìṣà. Òṣogbo ni ó wá fi ṣe ilé títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93. Àdùnní Olórìṣà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí àwọn abọrẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wọn tún ojúbọ etí odò ṣe, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò parí mọ́. Àdèbísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà, wà lára wọn. Sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti igi ni wọ́n fi mọ ère ńláńlá sínú igbó náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Ìyá Mọ́òpó, alábòójútó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin.

Àwọn kan bínú sí i pé àjèjì ni, àwọn mìíràn sì ní ère rẹ̀ kò jọ ère àwọn baba wa. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ère náà ṣe iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́: ó di odi. Ẹni tí ó fẹ́ gé igi níláti gba iwájú ojú wọn kọjá. Ní ọdún 1965, ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992 ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé. Kò sì yẹ kí a gbàgbé pé kí Àdùnní tó dé, nígbà tí ó wà níbẹ̀, àti lẹ́yìn tí ó lọ, Ìyá Ọ̀ṣun àti àwọn obìnrin tí ń bọ odò kò fi etí omi náà sílẹ̀. Orúkọ wọn kì í sábà wọ inú ìwé.

Wúrà

Ní báyìí, a ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan Ọ̀ṣun wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n dá ìpínlẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún rẹ̀ ń mú arìnrìnàjò afẹ́ wá láti Amẹ́ríkà, Bùràsílì àti Kúbà. Ilé iṣẹ́ ń ná owó láti fi orúkọ wọn sí ara pátákó níbi ọdún. Orúkọ rẹ̀ wọlé, àwòrán rẹ̀ wọlé, owó tí ó ń mú wá wọlé. Omi rẹ̀ nìkan ni ó wà níta.

Ẹni tí ó mọ odò Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀, tí ó sì wò ó ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, yóò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ó pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí ni iṣẹ́ àwọn awakùsà wúrà ní apá Ìjẹ̀ṣà, òkè odò náà. Iṣẹ́ yìí kò ṣòro láti lóye. Awakùsà a gbẹ́ ilẹ̀, a fọ iyẹ̀pẹ̀ nínú omi, omi ẹlẹ́rẹ̀ náà a sì ṣàn padà sínú odò. Ọ̀pọ̀ awakùsà aládàáni káàkiri ayé tún máa ń lo mẹ́kúrì láti fi kó ẹ̀lẹ̀ wúrà jọ, èyí tí ó bá dà nù a wọ inú omi, a wọ inú ẹja, a sì ti inú ẹja wọ inú ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ọmọ tí ó wà nínú oyún wà lára àwọn tí oró mẹ́kúrì máa ń ṣe ní ibi jùlọ, nítorí pé ó ń ba ọpọlọ tí ó ń dàgbà jẹ́.

Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ń lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ó yẹ kí a dúró ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Láti ìgbà Laróòyè ni àgàn ti ń bu omi yìí mu nítorí ọmọ. Ohun tí májẹ̀mú náà dá lé lórí gan-an ni pé odò yóò fún ìlú lọ́mọ. Omi tí a ń tọrọ ọmọ nínú rẹ̀ ti di omi tí a ń kìlọ̀ fún aboyún pé kó má fi kan ẹnu.

Yorùbá ní ìyá ni wúrà. A sọ ọ́ títí kò fi ní ìtumọ̀ létí wa mọ́. Nísinsìnyí, nítorí wúrà tí a lè tà, a ń ba omi ẹni tí a ń pè ní wúrà jẹ́. Kò sí ọ̀tá tí ó ti òkèèrè wá ṣe èyí. Ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ni ó wà nínú kòtò, olówó tí a kì í rí ni ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òfin tí ó yẹ kí ó dá wọn lẹ́kun wà nínú ìwé, kò sì jáde.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti bu ọlá fún ìyá nínú ìsìn wa, kì í ṣe aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wá. Kí ó wo ibi tí a ti ń pinnu ọ̀rọ̀ odò náà: ta ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, ta ni ó ń yẹ omi wò, ta ni ó ń gbọ́ èsì àyẹ̀wò náà? Ǹjẹ́ Ìyá Ọ̀ṣun wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ àwọn aláró tí ń lo omi náà wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ àwọn obìnrin abúlé tí ń pọn ọ́n fi ṣe oúnjẹ wà níbẹ̀? Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ìpàdé àwọn mẹ́rìndínlógún ni a tún ń ṣe.

Ní oṣù kẹjọ tí ń bọ̀, Arugbá yóò tún gbé igbá sórí, yóò sì tún dákẹ́ rìn dé etí odò. Ọba yóò tẹ̀lé e, ìjọba yóò tẹ̀lé e, gbogbo wa yóò tẹ̀lé e. Omi tí yóò bá níbẹ̀ ni yóò dáhùn ìbéèrè tí Olódùmarè bi àwọn àgbà ìjelòó pé: ẹni mélòó ni yín, ǹjẹ́ ẹ sì ń pe ẹnìkẹtàdínlógún?